Àmín Tí Mùnírátù Ṣe

Ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, láràárọ̀, àfi ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, Lágúnjú a máa wọlé síṣẹ́. Kò ní sí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí kì í bá ṣe pé Lágúnjú ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Bọ́látitó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Orúkọ náà kò kúrò níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ló wà, nínú ìwé gígùn tí irinṣẹ́ rẹ̀ tò sílẹ̀ fún un: ẹni tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, aago tó wọlé, àti ohun tó ṣí wò. Orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ààbò kọ̀ǹpútà ló máa ń yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ló gbà á, wọn a sì máa rán an lọ sí báńkì, sí ilé ẹ̀kọ́, sí ilé ìwòsàn, láti wò ó bóyá olè lè gba inú ẹ̀rọ wọn wọlé. Irinṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òòlù, kì í ṣe ẹ̀mú. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni. Yóò máa rìn láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, yóò máa ti gbogbo ilẹ̀kùn wò bóyá àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa dán oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé wò, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dá a mọ̀. Irinṣẹ́ náà kì í wojú ẹnikẹ́ni. Kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé, kò sì mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlódè, nílùú Ifẹ̀, ni wọ́n rán an wá lọ́sẹ̀ yẹn. Níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé àkọsílẹ̀ aláìsàn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú un lọ lójijì. Bọ́látitó kò fi pa mọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn pé ibi iṣẹ́ bàbá òun ni. Ọ̀gá náà ní kó máa lọ, pé òkú kì í lọ síṣẹ́. Kò mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó mú kí Dókítà Ọ̀ṣúndáre, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, pe ayẹ̀wò kì í ṣe ohun ìdùnnú. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adéṣọlá, tí wọ́n ti ń tọ́jú wárápá rẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Àìsàn náà ti rọlẹ̀. Ó tó ọdún márùn-ún tó ti ṣe é gbẹ̀yìn. Lọ́dún tó kọjá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ rán alárinà wá pé àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ìwádìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ìdílé tó máa fẹ́yàwó tí kì í ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ìwádìí tiwọn yìí ju ti ẹnu lọ: wọ́n dárúkọ oògùn tí ọmọ náà ń lò, wọ́n sọ iye ìgbà tó ń lò ó lójúmọ́. Adéṣọlá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ìyá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ọgbà, ó ní kí ẹni tó ta ọmọ òun jáde wá.

Nọ́ọ̀sì Comfort ló ń fún Adéṣọlá lóògùn. Òun ló mọ̀, òun náà ni wọ́n mú. Nínú ọgbà yẹn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, níwájú àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ni Dókítà ti ní kó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Comfort fi Bíbélì búra, ó fi ọmọ rẹ̀ búra, wọ́n ní kò sí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ tí kì í búra. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń nàka sí i ní Ìlódè pé nọ́ọ̀sì tó ta àṣírí ọmọlọ́mọ nìyẹn. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó kó lọ sí apá Sábó, ó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo.

Lílé tí wọ́n lé Comfort kò sì mú ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ wọn wá gbàtọ́jú ní àwọn kò ní wá mọ́, àfi bí wọ́n bá rí ìwé ẹ̀rí pé àṣírí ń bò níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ni Bọ́látitó wá kọ.

Ọjọ́ kìíní, irinṣẹ́ náà kò rí nǹkan gidi mú. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó tó ṣe é kó sínú rẹ̀ kún fún orúkọ ajá, orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti orúkọ oṣù. Bọ́látitó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ta ni yóò fi orúkọ ajá ṣe àṣírí ní Ifẹ̀? Ó jókòó, ó kọ àkójọ tirẹ̀: orúkọ oríkì lọ́kùnrin lóbìnrin, Àkànní, Àyìnlá, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀ní, orúkọ tí à ń fún ọmọ láti fi dúpẹ́, àti ọdún tí wọ́n bí ọmọ, láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn títí di òní. Ó fi wọ́n bọ́ irinṣẹ́ náà. Kó tó jẹ àkàrà ọwọ́ rẹ̀ tán, àkántì mọ́kàndínlógún, ìyẹn orúkọ ìwọlé, nínú ogójì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ti ṣí sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni ti Lágúnjú. Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, pẹ̀lú ọdún 1992 lẹ́yìn rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni oríkì Bọ́látitó, ọdún yẹn sì ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sí ẹnu kan láyé tó tún pè é. Nígbà tó wà láyé, bó bá pè é lórí fóònù láti yàrá àkọsílẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ ní ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn: Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun? Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀, àní nígbà tó ti dàgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin náà á ra ẹ̀pà àti bisikíìtì, á máa pín in fún àwọn òṣìṣẹ́, á máa sọ iye ọdún tí ọmọ òun pé. Bọ́látitó wo ọ̀rọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì sunkún. Ó sunkún dáadáa, kò sì tijú, nítorí kò sí ẹnìkan nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn ìgbà tó nu ojú rẹ̀ tán ni ó wá rí aago mẹ́jọ ku ogún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti jókòó sínú yàrá àkọsílẹ̀ kí aago mẹ́jọ ku ọgbọ̀n tó lù. Mùnírátù ló wọlé, obìnrin tó ti ń ṣe igbákejì Lágúnjú láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó fi agboòrùn rẹ̀ kọ́, ó nu tábìlì, ó sì nu àga Lágúnjú tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ó wá jókòó sórí àga tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ló rí Bọ́látitó ní kọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí òkè.

Bọ́látitó kúnlẹ̀, ó kí i. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìyá Waheed, orúkọ ta lẹ fẹ́ tẹ̀?”

Mùnírátù kò sẹ́. Ó ní kó jókòó.

“Níbi ìsìnkú bàbá rẹ,” ó ní, “pásítọ̀ ní orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ láyé. Gbogbo wa la ṣe àmín. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣe tèmi sókè, nítorí pé mo mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Dókítà fún mi ní bébà, ó ní kí n yọ orúkọ gbogbo àwọn tí kò sí níbi iṣẹ́ mọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Mo yọ ti àwọn tó ti lọ síbòmíràn. Ìgbà tí mo dé orí ti Bàbá, ẹ̀rọ náà bi mí, ṣé kí òun pa á rẹ́? Ọmọ mi, ọwọ́ mi wúwo. Èmi tí mo ṣe àmín níjẹta, ṣé èmi náà ni máa wá fi ìka mi pa á rẹ́ lónìí?”

Ó ní òun fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, òun wá rí i pé àwọn ìwé kan wà tí kì í ṣí fún orúkọ tòun, tó jẹ́ pé ti Bàbá nìkan ló ń ṣí wọn. Iṣẹ́ Lágúnjú lòun ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó rántí láti gbé àṣẹ Lágúnjú fún òun. Bó ṣe di pé òun ń fi orúkọ òkú ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bọ́látitó bi í pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà fún un. Mùnírátù wò ó tàánú-tàánú. Ó ní ta ni ì bá sọ fún òun, nílé tí gbogbo ènìyàn ti mọ orúkọ tí ọkùnrin náà ń pe ọmọ rẹ̀ àti iye ọdún tó pé.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bọ́látitó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà mẹ́ta. Nínú oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta tẹ̀léra, Lágúnjú tún wọlé. Kì í ṣe láti yàrá yìí. Ìta ló ti wọlé, orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ẹnìkan ṣoṣo ló ṣí wò nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé Adéṣọlá. Orúkọ ẹ̀rọ tó fi wọlé sì hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Fáníyì.

Mùnírátù mọ Fáníyì. Òun ló ń tún àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ṣe tẹ́lẹ̀, tó máa ń jókòó ti Lágúnjú, tó ń jẹ nínú ẹ̀pà ọjọ́ ìbí yẹn. Nísinsìnyí ó ní ṣọ́ọ̀bù lápá Enuwa, àwọn tó bá sì fẹ́ mọ ìdílé tí ọmọ wọn fẹ́ gbé ìyàwó máa ń mú orúkọ lọ bá a. Ìwádìí tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń fọgbọ́n bi ará àdúgbò léèrè, Fáníyì jókòó sínú ilé, ó ń fi orúkọ òkú ṣe é. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àmín Mùnírátù ló la ògiri yìí lẹ́nu.

Mùnírátù kò sọ ti Fáníyì. “Comfort,” ló sọ. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. “Mo wà nínú ọgbà lọ́jọ́ yẹn. Ó yíjú sí mi pé kí n bá òun sọ̀rọ̀, mo wolẹ̀.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bọ́látitó kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú Dókítà Ọ̀ṣúndáre. Dókítà náà gbọ́ títí dé òpin. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní òun á mú ẹjọ́ Fáníyì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀rí, ó ní kí Bọ́látitó kàn kọ ọ́ pé àkántì àtijọ́ kan ni olè gbà wọlé, pé wọ́n sì ti tì í. Ó ní kí ni à ń jí ẹni tó ń sùn sí? Ó ní Lágúnjú jẹ́ ẹni iyì, bí ìwé yìí bá jáde, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa gbé pọ̀ mọ́ ti olè, àwọn tí kò mọ̀dí á sì ní Lágúnjú ló fi ọ̀nà han Fáníyì. Ó wo Bọ́látitó lójú, ó ní òun rò pé inú rẹ̀ á dùn sí i.

Inú Bọ́látitó dùn sí i ní tòótọ́. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, níbi tó sùn sí lọ́sẹ̀ náà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá. Àwọn ọmọ náà kò mọ Lágúnjú rí, síbẹ̀ ilé Bàbá Lágúnjú ni wọ́n ń pe ilé náà fún ọlọ́kadà. Bọ́látitó ṣí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe wí: àkántì àtijọ́ kan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá ẹni ńkọ́? Comfort kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó ti rí nǹkan tà ní Sábó, ó ń jẹun.

Ó ka gbólóhùn náà, ó sì bi ara rẹ̀ pé bí àwọn ará Ìlódè bá gbọ́ “àkántì àtijọ́”, ti ta ni wọ́n máa pè é? Ti Comfort ni. Òun ni ẹni àtijọ́ tí wọ́n lé. Gbólóhùn tó fẹ́ fi bo bàbá rẹ̀ ni yóò tún fi kan obìnrin náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lórí bébà lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá rántí ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó gbé ìyàwó aládùúgbò wá sí ilé ìwòsàn. Lágúnjú ń jẹun. Ó ní, “Ó wá kí wa ni.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi fọwọ́. Ọkùnrin tó lè bo àṣírí ẹlòmíràn báyẹn, ṣé ó máa fẹ́ kí wọ́n ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ láti fi bo tòun? Bọ́látitó mọ èsì rẹ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó pa gbólóhùn náà rẹ́, ó sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Dókítà jiyàn díẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Wọ́n pe Mùnírátù wá síwájú kọ̀ǹpútà. Bọ́látitó fi hàn án pé ohun méjì ni ẹ̀rọ ń bi í: ṣé kí ó pa orúkọ náà rẹ́, àbí kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀? Ó ní bí wọ́n bá tì í, kò sẹ́ni tó tún lè gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Lágúnjú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe títí di ọjọ́ tó kú á ṣì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni wọ́n máa kọ Mùnírátù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin náà bi í bóyá ọ̀nà kejì yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bọ́látitó ní ó wà níbẹ̀. Mùnírátù na ìka sí ọ̀nà kejì náà. Ó ní, “Bísímílláhì,” ó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Dókítà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù kan, Mùnírátù kò sì bẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Dókítà gbé Bọ́látitó sínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ sí Sábó. Ó mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ nínú àpòòwé, èyí tó ní gbogbo ohun tí ayẹ̀wò rí nínú. Comfort wà láàárín àwọn àpò ẹ̀wà, ó ń bá oníbàárà kan wọn kóńgò. Ó rí wọn, ó wọn ẹ̀wà náà tán, ó so ó, ó gba owó, kó tó nu ọwọ́. Dókítà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé àwọn ṣàṣìṣe, pé ìwé rẹ̀ rèé, pé kó lọ fara balẹ̀ kà á nílé, pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é.

Comfort kò gba àpòòwé náà. “Gbangba lẹ ti lé mi, Dókítà,” ó ní. “Ẹ ò fi àpòòwé lé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á níbí.”

Àwọn alátẹ tó wà nítòsí ti ń wò. Ọkùnrin Hausa tó ń gbé àpò àgbàdo sọ ọ́ kalẹ̀, ó dúró. Òógùn bo iwájú orí Dókítà. Comfort yíjú sí Bọ́látitó, ó bi í bóyá òun ló rí i nínú kọ̀ǹpútà. Bọ́látitó ní òun ni. Comfort bi í pé ọmọ ta ni.

“Ọmọ Lágúnjú ni mí, mà.”

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn tó dúró níbẹ̀ kò mọ ohun tó ń wá lójú rẹ̀. “Ìwọ ni kó o kà á,” ó ní.

Bọ́látitó ya àpòòwé náà. Ó ka ọjọ́ orí ìwé, ó ka orúkọ Comfort, ó kà á pé kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá, kò ṣe é, kò rán ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹnìkan láàárín àwọn alátẹ pariwo hẹ̀n. Ó wá dé ibi tí ìwé ti sọ pé orúkọ tí olè gbà wọlé ni orúkọ olóògbé Lágúnjú, tó jẹ́ akọ̀wé àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé òun nìkan ló gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá kà á wúyẹ́wúyẹ́ báyìí kọjá, kò sẹ́ni tó máa bi òun.

Comfort sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ tí eruku ẹ̀wà bò lé e léjìká.

“Gbé ohùn sókè, Àwẹ̀ró,” ó ní. “Àwọn tó wà níbi ìso màlúù kò gbọ́.”

Bọ́látitó gbójú sókè wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti gbọ́ orúkọ náà gbẹ̀yìn. Ó gbé ìwé náà sókè, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó sì ka orúkọ bàbá rẹ̀ lóhùn rara.